Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ìsàlẹ̀ Adágún: Kábọ́ọ̀nù Tó Sùn Sábẹ́ Omi Igbó Àríwá

Nígbà tí òtútù bá mú dé góńgó, tí ojú adágún Nylandssjön ní àríwá Súwídìn bá ti dì gbagidi, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Yunifásítì Umeå a máa rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí simẹ́ǹtì. Wọ́n á gbẹ́ ihò sára omi dídì náà, wọ́n á sì sọ àpótí irin pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ gba ibẹ̀. Ohun tó wà nínú àpótí ni ọtí líle àti kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì tí wọ́n ti sọ di yìnyín. Òtútù rẹ̀ ju ti yìnyín omi lọ fíìfíì. Bí àpótí bá ti rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ á dì mọ́ ọn lára gírígírí. Wọ́n á wá fà á sókè. Kì í ṣe pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lásán ni ojú á rí: ìlà ni, ìlà lórí ìlà, bí aṣọ òkè tí ahunṣọ fi sùúrù hun. Ìlà tó mọ́ díẹ̀ jẹ́ ti ìgbà ìrúwé, nígbà tí òjò dídì yọ́, tí omi gbá iyẹ̀pẹ̀ wọ adágún. Èyí tó ṣe bí àwọ̀ ewé jẹ́ ti ìgbà ooru. Ìlà dúdú tín-ín-rín ni ìgbà òtútù fi kádìí ọdún. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé kábọ́ọ̀nù dídì ni wọ́n ń lò láti fi mú kábọ́ọ̀nù.

Ọdún 1979 ni Ingemar Renberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹrẹ̀ adágún yìí, tí wọ́n sì ń tọ́jú ohun tí wọ́n bù sínú fíríìsà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè ṣe: wọ́n lè mú ìlà ọdún kan náà, kí wọ́n wò ó nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sílẹ̀, kí wọ́n tún wò ó nígbà tó pé ọdún márùn-ún, àti nígbà tó lé ní ogún ọdún. Ní 2008, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́ọ̀nù inú ìlà náà ti fò lọ. Lẹ́yìn ọdún 27, ohun tó lọ jẹ́ ìdá 23. Ìyẹn ni pé ọdún méjìlélógún tó tẹ̀ lé e kò mú ju ìdá mẹ́ta péré lọ. Kábọ́ọ̀nù tó bá ti borí ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ẹrẹ̀ ti ń di onílé níbẹ̀.

Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn nípa adágún igbó àríwá dúró lé: nínú ohun tó ń wọ inú omi, èló ló ń dé ìsàlẹ̀, èló ló sì ń dúró?

Ìyá tó ń ta ògì kò nílò àlàyé púpọ̀. Bó bá ti sẹ́ ògì tán, tó fi í sílẹ̀ mọ́jú, ògì á sìlẹ̀, omídùn á lé sókè. Adágún ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojoojúmọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń da omídùn tirẹ̀ nù, kò sì sẹ́ni tó ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ. Ewé tó já, ìyẹ̀fun òdòdó, òkú kòkòrò, ìgbẹ́ ẹja, ewé-omi tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí: gbogbo rẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Súwídìn ní orúkọ méjì fún ohun tó sìlẹ̀ yìí, Hampus von Post ló sì sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní 1862. Gyttja ni èyí tó wá láti ara ohun tó gbé inú adágún fúnra rẹ̀. Dy ni èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí igbó fi ránṣẹ́.

Igbó tí à ń wí yìí yí orí ayé ká bí fìlà: láti Alaska gba Kánádà kọjá, dé Nọ́wè, Súwídìn, Fínláńdì, títí wọ Sàìbéríà. Igi páìnì, sípúrúùsì àti báàṣì ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí òkìtì omi dídì tó bo apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà ká kúrò ní nǹkan bí ẹgbàárùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó fi kòtò àìmọye sílẹ̀, omi sì kún wọn. Fínláńdì nìkan ka adágún 187,888. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé odò ńlá ni gbogbo wọn o. Púpọ̀ nínú wọn kò ju pápá bọ́ọ̀lù lọ.

Omi wọn sì pọ́n. Ẹni tó bá ti se àgbo rí á mọ ìdí rẹ̀: ewé, èèpo àti egbò tí omi rẹ títí á tú àwọ̀ wọn sínú rẹ̀. Ilẹ̀ igbó àríwá jẹ́ ìkòkò àgbo tí òjò ń rẹ láti ọdún dé ọdún. Kábọ́ọ̀nù tó ti yòrò sínú omi ló fún un ní àwọ̀ yẹn, òun náà ló sì pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù tó ń ti orí ilẹ̀ wọ adágún. Ìbéèrè tó ta kókó ni bí ohun tó ti yòrò ṣe tún ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Eduardo von Wachenfeldt àti Lars Tranvik ní Yunifásítì Uppsala fi hàn ní 2008 pé kábọ́ọ̀nù yíyòrò yìí máa ń dì pọ̀ di ìṣù wẹ́wẹ́ nínú omi, tí yóò sì rì. Bí dy ṣe ń dé ìsàlẹ̀ nìyẹn láìjẹ́ pé ewé kan já sómi.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó ń ṣírò kábọ́ọ̀nù ayé kò ka adágún sí nǹkan kan. Lójú wọn, igbó ni, ilẹ̀ ni, òkun ni. Odò àti adágún kàn jẹ́ páìpù tó so wọ́n pọ̀. Jonathan Cole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ da ìgbàgbọ́ yẹn rú ní 1994. Wọ́n wo adágún 1,835 káàkiri ayé, wọ́n sì rí i pé nínú ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí wọ́n bù, kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì inú omi pọ̀ ju ohun tó yẹ kí afẹ́fẹ́ fi sínú rẹ̀ lọ. Adágún ń mí. Ohun tí igbó fún un jẹ ló ń jẹ, ló ń mí síta.

Ní 2007, Cole àtàwọn mìíràn ṣe ìṣirò gbogbo ayé. Nínú nǹkan bí bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 1.9 kábọ́ọ̀nù tó ń ti orí ilẹ̀ wọ inú omi lọ́dọọdún, ó kéré tán 0.8 padà sínú afẹ́fẹ́, 0.9 dé òkun, 0.2 sì sùn sínú ẹrẹ̀. Ó dà bí alájọ tó gba owó ọjà, tó ná èyí tó pọ̀ lójú ọ̀nà, tó fi díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ní Skandinéfíà gan-an, ìwádìí kan tó jáde ní 2004 kó adágún 79,536 pọ̀, ó sì rí i pé láàárín ìdá 30 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́ọ̀nù ẹlẹ́mìí tó wọ omi ni kì í dé òkun: adágún gbà á lójú ọ̀nà. Ẹ má tètè yọ̀. Afẹ́fẹ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ kàn rí díẹ̀ ni.

Nígbà náà, kí ló dé tí ẹrẹ̀ yìí fi ṣe pàtàkì? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àkọlé àpilẹ̀kọ kan tí Pirkko Kortelainen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní Fínláńdì ní 2004, tó sọ pé àkójọ kábọ́ọ̀nù inú ẹrẹ̀ adágún pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọlé lọ́dọọdún kéré. Adágún 122 ni wọ́n wò. Wọ́n gbé ìṣirò lé e pé ẹrẹ̀ adágún igbó àríwá lápapọ̀ ti kó kábọ́ọ̀nù tó bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 19 sí 27 jọ láti ìgbà tí omi dídì ti ká kúrò. Iye yìí kò kéré rárá. Àmọ́ bí a bá pín in sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ohun tó kan mítà onígun mẹ́rin kan lọ́dún kan jẹ́ gíráàmù díẹ̀ péré. Ṣíbí ìmùkọ kan lè gbà á.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń da méjèèjì pọ̀, àwọn oníròyìn ni wọ́n sì jẹ̀bi jù. Wọ́n á gbọ́ iye bílíọ̀nù, wọ́n á kọ ọ́ pé adágún yóò gba ayé lọ́wọ́ ooru. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìṣúra àtayébáyé ni ẹrẹ̀ náà. Kì í ṣe iṣẹ́ tó ń mówó ńlá wọlé lónìí.

Ìwádìí Kortelainen tún sọ ohun kan tó yẹ ká fiyè sí: adágún kékeré ló ní kábọ́ọ̀nù jù lórí ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Adágún kékeré sún mọ́ igbó ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ kì í rí i rò pọ̀ bí ó ti ń ro adágún ńlá, ọ́síjìn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ́síjìn ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bakitéríà tó bá rí ọ́síjìn á jẹ òkú ewé kíákíá, tí kò bá rí i, oúnjẹ náà á le fún un. Sebastian Sobek àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ẹrẹ̀ láti adágún 11 ní 2009, wọ́n sì rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́ọ̀nù tó dé ìsàlẹ̀ ló dúró pẹ́. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni iye àkókò tí ohun tó sìlẹ̀ fi wà níbi tí ọ́síjìn ti lè kàn án. Ní adágún àríwá, yìnyín á dé omi lórí fún oṣù mélòó kan, bí ọmọrí ìkòkò, ọ́síjìn á sì máa tán nísàlẹ̀. Nígbà ooru náà, omi gbígbóná á lé sókè, omi tútù á jókòó sísàlẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í tètè pò. A tún gbọ́dọ̀ rántí pé ohun tó wá láti ara igi kì í tètè jẹrà. Bakitéríà á kọ́kọ́ jẹ òkú ewé-omi tó rọ̀, á sì fi èyí tó le sílẹ̀, bí ọmọdé tó ń ṣa ẹran inú ọbẹ̀ jẹ.

Ẹrẹ̀ yìí tún jẹ́ ìwé ìtàn, orí ìyẹn ni ìṣirò gbogbo dúró lé. Kò sẹ́ni tó lè sọ iye kábọ́ọ̀nù tó sùn lọ́dún kan bí kò bá mọ ọjọ́ orí ìlà. Níbi tí ìlà ọdọọdún kò bá hàn, àwọn olùwádìí a máa wá òjé 210, èyí tí agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ọdún 22. Wọ́n á tún wá sísíọ́ọ̀mù tó fò jáde nígbà tí ilé iṣẹ́ iná Chernobyl bú gbàmù ní 1986, tí òjò rọ ọ́ sórí Súwídìn àti Fínláńdì. Renberg kan náà fi hàn ní 1994 pé òjé tí àwọn ará Róòmù ń yọ́ ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn wà nínú ẹrẹ̀ adágún Súwídìn. Èéfín ará Róòmù rin ìrìn-àjò dé igbó páìnì, ó sì sùn síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábọ́ọ̀nù.

Ooru ayé ń pọ̀ sí i. Kí ni yóò ṣe sí gbogbo èyí? Cristian Gudasz, Tranvik àtàwọn mìíràn gbé ẹrẹ̀ adágún wọ yàrá ìwádìí, wọ́n mú kí ó móoru, wọ́n sì ṣírò ohun tó ń jáde. Ìwé ìròyìn Nature gbé e jáde ní 2010. Bí ooru bá pọ̀ tó bí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣe sọ, kábọ́ọ̀nù tí adágún igbó àríwá ń tẹ́ sínú ẹrẹ̀ lọ́dún lè dín kù pẹ̀lú ìdá 4 sí 27 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọ̀rúndún yìí tó parí; ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 0.9 sí 6.4. Òtútù ni ó ń ṣọ́ ilé ìṣúra. Ní 2014, Humberto Marotta àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹrẹ̀ láti ilẹ̀ Bràsíìlì wé ti Súwídìn, wọ́n sì rí i pé ẹrẹ̀ ilẹ̀ olóoru ń tú afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná jáde gidigidi bí ooru bá fi díẹ̀ pọ̀ sí i.

Ká má ti gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo. Ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fa ọ̀rọ̀ sí apá kejì. Omi àgbo ń ki sí i. Don Monteith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo adágún àti odò kéékèèké 522 ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti Àríwá láti 1990 sí 2004, wọ́n sì rí i pé kábọ́ọ̀nù yíyòrò ń pọ̀ sí i. Ohun tó fà á yani lẹ́nu: èéfín imí-ọjọ́ tó ń ti ilé iṣẹ́ jáde ti dín kù! Nígbà tí òjò oníkíkan ń rọ̀, ilẹ̀ di kábọ́ọ̀nù rẹ̀ mú. Nígbà tí òjò padà mọ́, ilẹ̀ tú ọwọ́. Ohun rere tí ìjọba ṣe láti wo òjò sàn ló mú kí omi túbọ̀ pọ́n.

Omi tó bá pọ́n kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé jìnnà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tutù sí i, ọ́síjìn rẹ̀ á sì dín. Kábọ́ọ̀nù tó lè rì pọ̀, èyí tó lè jẹrà kéré. Ajílẹ̀ oko àti náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tún ń bọ́ ewé-omi. Adam Heathcote àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní 2015 pé nínú ọ̀rúndún tó kọjá, ìsìnkú kábọ́ọ̀nù ti pọ̀ sí i gan-an nínú àwọn adágún àríwá. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ Gudasz gbọ́, tó sì gba ti Heathcote gbọ́, kò ṣàṣìṣe. Ọ̀kan ń sọ ohun tí ooru ń mú lọ, èkejì ń sọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń dà sínú ìkòkò.

Ewu kan ṣì wà tí ìṣirò ẹrẹ̀ nìkan kò lè fi hàn. Ibi tí ọ́síjìn kò dé ni kábọ́ọ̀nù ti ń pẹ́, ibẹ̀ náà ni àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn ti ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di mẹ́tẹ́ẹ̀nì. Bí ìwọ̀n kan náà bá wọ afẹ́fẹ́, ooru tí mẹ́tẹ́ẹ̀nì ń mú láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 28 ti kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì. David Bastviken àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ní 2011 pé omi orí ilẹ̀ ayé ń tú nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 103 mẹ́tẹ́ẹ̀nì jáde lọ́dún. Ní Sàìbéríà àti Alaska, olùwádìí Katey Walter Anthony a máa gún yìnyín orí adágún, á sì ṣáná sí afẹ́fẹ́ tó bá tú jáde. Iná á ru sókè ju orí ènìyàn lọ. Síbẹ̀ òun náà ló kọ ọ́ ní 2014 pé àwọn adágún tí ilẹ̀ dídì yíyọ́ bí, tí wọ́n tú mẹ́tẹ́ẹ̀nì jáde nígbà èwe wọn, di olùtọ́jú kábọ́ọ̀nù nígbà tí wọ́n dàgbà, tí ewé àti pápá bò wọ́n. Ìwà adágún a máa yí padà bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń pọ̀.

Ọwọ́ ènìyàn wà nínú igbó yìí pẹ̀lú. Ní Fínláńdì, nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n gbẹ́ gọ́tà sí, kí omi lè fà, kí igi sì lè dàgbà níbẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ náà gbóná jù ni láàárín 1960 sí nǹkan bí 1980. Gọ́tà wọ̀nyẹn ń gbé omi dúdú lọ sínú adágún títí di òní. Bí a bá gé igbó pátápátá, ohun kan náà ni. Ẹrẹ̀ adágún á gba díẹ̀ nínú ẹ̀bùn náà, àmọ́ kò yẹ kí a pe kábọ́ọ̀nù tí a lé kúrò ní àbàtà ní èrè adágún. Owó tí a yọ nínú àpò ọ̀tún sí tòsì ni.

Ìṣirò gbogbo ayé ń lọ ó ń bọ̀. Lẹ́yìn bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 0.2 tí ìṣirò ọdún 2007 ní ó ń sùn sínú ẹrẹ̀ lọ́dún, Tranvik àti àwọn mìíràn gbé 0.6 jáde ní 2009. Nígbà tó di 2017, Raquel Mendonça àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fà á padà sí nǹkan bí 0.15, wọ́n sì ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wà lábẹ́ adágún àtọwọ́dá. Àwọn tó fẹ́ fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣẹ̀sín lè gbá èyí mú. Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ kò ṣókùnkùn: ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, John Downing rí adágún àtọwọ́dá láàárín oko tó ń sin ju ẹgbẹ̀rún méjì gíráàmù kábọ́ọ̀nù sínú mítà onígun mẹ́rin kan lọ́dún kan, nígbà tí adágún igbó ń sin gíráàmù díẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi Iowa díwọ̀n ayé, bílíọ̀nù á wú. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ adágún àtọwọ́dá Kainji tàbí Asẹ́jìrẹ́ ní Nàìjíríà jọ ti Iowa ju ti Fínláńdì lọ: ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá gbá wá láti oko ló ń rọ́ sísàlẹ̀, ó sì ń yára.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín adágún àtọwọ́dá àti adágún igbó yìí ló yẹ kí àwọn tó ń ṣòfin kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ojú ọjọ́ tún ìlànà ìṣirò rẹ̀ ṣe ní 2019, adágún àtọwọ́dá ló rí àyè tó dára níbẹ̀. Adágún tí Ọlọ́run dá kì í sábà sí nínú ìwé ìṣirò orílẹ̀-èdè kankan, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ìwé náà ń tọpinpin. Ó bọ́gbọ́n mu lójú òfin, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ ìpamọ́ ẹgbàárùn-ún ọdún sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Ẹni tó bá gbẹ́ gọ́tà tuntun lónìí kò ní rí orúkọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi nínú ìdíyelé iṣẹ́ rẹ̀.

Iye adágún fúnra rẹ̀ ṣì ń jẹ́ iṣẹ́. Nígbà tí Charles Verpoorter àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì ka adágún gbogbo ayé ní 2014, mílíọ̀nù 117 ni wọ́n rí, èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ 2,000 mítà onígun mẹ́rin. Ti Fínláńdì, 187,888 yẹn, kà sísàlẹ̀ dé 500. Lábẹ́ ìwọ̀n méjèèjì yìí ni kòtò omi kéékèèké tó wà láàárín sípúrúùsì wà, àwọn tí igi bò mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé sátẹ́láìtì kò rí ojú wọn, tí omi wọn dúdú bí kọfí, tí bakitéríà ìsàlẹ̀ wọn kò sì rí ọ́síjìn láti oṣù kan dé òmíràn. Wọn kò sí nínú iye mílíọ̀nù 117, púpọ̀ nínú wọn kò sì lórúkọ lórí máàpù.